Ta Ló Kọ́kọ́ Jókòó?

Ní Novosibirsk, oòrùn oṣù kejìlá kì í pẹ́ wọ̀.
Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti lọ,
a sì tan tiwa:
àtùpà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ré kọjá elésè àlùkò,
tí ojú kò lè rí, tó sì lè jó ojú.

Lábẹ́ rẹ̀ ni ìyẹ̀fun wà, ìwọ̀n ṣíbí kékeré kan,
títánọ́ọ̀mù tó ti gbé ọ́síjìn níyàwó.
Bí o bá rí i, o ó ní ẹfun lásán ni.
Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́ ojú ara rẹ̀ sílẹ̀,
yàrá yìí kò ní gbà á.

Rustem ló ni iṣẹ́.
Ìyá rẹ̀ ń kun ilẹ̀ onípákó ní Kazan,
ogún ọdún ló ti ń fa òórùn ọ̀dà símú;
bó bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ikọ́ ló fi ń dánu dúró.
Ìdí nìyẹn tó fi ń pe tóluwíìnì
bí ẹni tó mọ orúkọ olè.

Ó yan ìyẹ̀fun náà lórí iná,
ó fa afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ jáde títí ilẹ̀ fi mọ́.
Kò fẹ́ kí àlejò kankan ṣẹ́ kù lójú rẹ̀,
àní ìrì.

Wákàtí kìíní, nọ́ńbà tó dùn ni mo kọ.
Wákàtí kejì, mo kọ ọ́, mi ò wojú rẹ̀.
Nígbà tó fi di ìkarùn-ún,
ẹfun ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí eyín amusìgá.
Rustem ní àtùpà ló kú. Ó pààrọ̀ rẹ̀.
Ó tún un pààrọ̀.

Zinaida Arkadyevna, tó ti ń fọ gíláàsì níbí
kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa,
yọjú wò ó.
"O lé omi lọ. Ta ni yóò wá bá ọ jẹ ìdọ̀tí yìí?"

Bó ṣe rí nìyí:
ìmọ́lẹ̀ kan ilẹ̀, ẹlẹ́kítíróònù fò dìde,
ihò ṣófo níbi tó ti dìde.
Bí kò bá sẹ́ni tó gbà á, yóò ṣubú padà sínú ihò rẹ̀,
bí ẹni tó jí tó tún sùn.
Ọ́síjìn tó ti lẹ̀ mọ́ ojú ilẹ̀ ló ń gbé e sá lọ;
omi tó ti lẹ̀ mọ́ ọn ló ń bọ́ sínú ihò,
tó ń bí ọmọ oníbínú kan
tí kì í pẹ́ láyé, tí kò sóhun tí kò lè bù jẹ.
Ẹni tó ń fò kọjá, ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án.
Ẹni tó jókòó ni.

Rustem gbọ́, ó sì ṣe é bí ọ̀dọ́:
ó gba afẹ́fẹ́ kọjá nínú omi gbígbóná.
Lọ́jọ́ kejì ìyẹ̀fun funfun báláú,
ṣùgbọ́n tóluwíìnì wọlé, ó jáde lódindi,
kò ríbi fìdí lé.
Omi ti gba gbogbo àga,
ó tún gun ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni ìyá àgbà ṣí fèrèsé,
ó bu yìnyín sínú abọ́,
ó gbé ìgò omi sáàárín rẹ̀ kí ó tutù,
kí oruku rẹ̀ má pọ̀.
"Kí omi wá," ó ní,
"ṣùgbọ́n kó má kó ẹbí wá."

Nọ́ńbà mi kò wálẹ̀ mọ́.

Rustem pe Kazan. Kò sọ fún un.
Ó kàn bi í bóyá ó ń ṣí fèrèsé bó bá ń kun ilẹ̀.
Ìyá ní òtútù pọ̀ lóde,
ó dánu dúró.
Ṣíbí kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ àtùpà.
Mo kọ ọjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, mo ṣí ojú ìwé.